Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Tọpa Gíga àti Ìwúwo Ọmọ Ajá Labrador Títí Yóò Fi Dàgbà

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ ajá Labrador wọlé, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé, "Ṣé bó ṣe yẹ kó tóbi tó nìyí?" Kó tó rí ẹni bi, àwọn ará ilé àti aládùúgbò á ti dá a lóhùn: ajá yìí ti gbẹ jù, ẹ fún un ní nǹkan jẹ. Lójú ọ̀pọ̀ wa, ọmọ ajá tó sanra, tí ikùn rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, ni wọ́n ń tọ́jú dáadáa. Ti Labrador kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, tí ara rẹ̀ fúyẹ́, ni egungun àti oríkèé rẹ̀ máa ń dára jù. Ojú lásán kò sì lè fi èyí hàn yín, torí pé ẹ̀ ń rí i lójoojúmọ́. Òṣùwọ̀n, téèpù, ìwé kékeré kan àti ọwọ́ yín ló lè fi hàn.

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sin Labrador mọ̀. Ilé-iṣẹ́ Purina, tó ń ṣe oúnjẹ ajá ní Amẹ́ríkà, kó ọmọ Labrador 48 jọ, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ọmọ ìyá kan náà. Láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni ọ̀kan nínú méjèèjì ti ń jẹ oúnjẹ tó fi ìdá 25 nínú 100 dín sí ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002, ó hàn pé àwọn tó ń jẹ díẹ̀ fi nǹkan bí ọdún 1.8 pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ, àìsàn oríkèé sì pẹ́ kó tó bá wọn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé kí èèyàn dúró dìgbà tí ajá bá dàgbà kó tó máa wọ̀n ọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an

Kò sí àtẹ tó lè wúlò bí ọjọ́ orí tí ẹ fi ń ka á bá jẹ́ irọ́. Nídìí òwò ajá níbí, ẹni tó ń tà á lè gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún jáde kó ní ó ti pé mẹ́jọ. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bímọ, ọjọ́ àti oṣù, ẹ má gba "ó ti tó oṣù méjì" lásán. Lẹ́yìn náà, ẹ la ẹnu rẹ̀ wò. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta ni eyín ọmọdé ti ń yọ. Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, gbogbo méjìdínlọ́gbọ̀n yẹ kó ti wà níbẹ̀, tín-ín-rín, tó mú ṣáṣá. Bí eyín ẹ̀yìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí jáde, ọmọ náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹnu yòówù kí oníṣòwò náà fi sọ ọ́. Láti oṣù kẹta sí ìkẹrin ni eyín iwájú ti ọmọdé á bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ kí ti àgbà rọ́pò rẹ̀, nígbà tó bá sì fi di oṣù méje, eyín àgbà, 42, á ti pé lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ rárá, kí dókítà ẹranko fi eyín fojú díwọ̀n rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ má sì yí i padà mọ́.

Ẹ bèèrè bí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣe tóbi tó, pàápàá èyí tí ọmọ náà jọ ní akọ tàbí abo. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ ńlá sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ti àwọn òbí ṣeé gbára lé jù ú lọ fíìfíì. Bí ẹ bá rí ìyá tó jẹ́ kílò 27 tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ẹ ti ní òye ibi tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń lọ. Bí ẹ bá sì fura pé ẹ̀jẹ̀ Boerboel (irú ajá ńlá kan) tàbí ti ajá ìbílẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ fi àwọn nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ yìí mọ ọ̀nà lásán, ẹ má fi dá ajá yín lẹ́jọ́.

Ti Labrador ponbele, American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ àwọn ẹ̀yà ajá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ pé akọ tó ti dàgbà yẹ kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 57 sí 62 ní èjìká, kó sì wúwo tó kílò 29 sí 36. Abo jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 55 sí 60, kílò 25 sí 32. Ní ìlú Ọba, níbi tí The Kennel Club ti gba Labrador wọlé bí ẹ̀yà kan ní 1903, gíga tó dára jù fún akọ ni sẹ̀ǹtímítà 56 sí 57, ti abo 55 sí 56, wọn kò sì sọ iye kílò rárá. Àwọn tí wọ́n ń sìn fún ìdíje ẹwà máa ń ki, ẹsẹ̀ wọn á kúrú díẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń sìn fún ọdẹ máa ń gùn lẹ́sẹ̀, ara wọn á sì tẹ́ẹ́rẹ́. Labrador ni gbogbo wọn. Ẹ má fi ọ̀kan wọn èkejì.

Ohun tí ẹ máa nílò

Fún ọmọ tí kò tíì tó kílò márùn-ún, òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníkéèkì fi ń wọn fúláwà dára gan-an, torí ó ń ka gíráàmù. Ẹ gbé abọ́ ike tó fẹ̀ lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo, ẹ wá gbé ọmọ ajá sínú abọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lé e, torí púpọ̀ nínú wọn kò lè gbé ju kílò márùn-ún lọ, abọ́ sì wà nínú iye náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, òṣùwọ̀n onídíjítà tí èèyàn ń dúró lé lórí ló kù, èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn dé gíráàmù ọgọ́rùn-ún. Àwọn ti àtijọ́ tí wọ́n ní abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n kò wúlò níbí, nítorí pé àṣìṣe wọn lásán lè tó gbogbo ohun tí ọmọ ajá fi kún ara lọ́sẹ̀ kan. Èyí tí a fi ń gbé báàgì kọ́ kó tó dé pápákọ̀ òfurufú náà lè ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ní àpò aṣọ tó le tó gbà á jókòó, àmọ́ ọmọ ajá tó bá ń jà nínú àpò kò ní jẹ́ kí nọ́ńbà dúró.

Ẹ dán òṣùwọ̀n wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Omi lítà kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà ìgò omi onílítà kan àti àbọ̀ méjì tí ẹ kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ sún mọ́ kílò mẹ́ta, pẹ̀lú ìwúwo ike díẹ̀. Àpò ìrẹsì kílò mẹ́wàá tí wọ́n lẹ̀ pa láti ilé-iṣẹ́ náà dára. Bí òṣùwọ̀n bá fi gíráàmù 200 lé e nígbà gbogbo, kò burú tó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣáà máa lò ó lọ. Èyí tó ń sọ ohun kan láàárọ̀ tó tún ń sọ òmíràn lálẹ́ ni kí ẹ gbé sọnù.

Fún gíga: téèpù onírin tí àwọn káfíńtà ń lò, rúlà gígùn tàbí ìwé aláwọ̀ líle, pẹ́ńsù, àti páálí kan tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ògiri. Téèpù àwọn télọ̀ wúlò fún yíyí àyà ká nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ìjánu àyà, àmọ́ ó rọ̀ jù fún gíga.

Wíwọn ìwúwo

Àárọ̀ ló dára jù, lẹ́yìn tó bá ti yàgbẹ́ tó sì ti tọ̀, kó tó jẹun. Ọmọ Labrador tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tó sì mu omi lè fi ìdajì kílò ju ara rẹ̀ lọ, ẹ ó sì rò pé ó ń dàgbà. Ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, òṣùwọ̀n kan náà, ibì kan náà lórí simẹ́ǹtì tàbí táìsì. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, òṣùwọ̀n máa ń parọ́.

Nígbà tí ẹ bá ṣì lè gbé e, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ dá gun òṣùwọ̀n, kí ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá gbé ajá náà kí ẹ tún gùn ún. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ìkejì lábẹ́ ìdí, ẹ má fi apá rẹ̀ méjèèjì gbé e sókè. Ká ní ẹ̀yin nìkan jẹ́ kílò 68.4, ẹ̀yin àtòun sì di 79.1. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì: kílò 10.7 ni ajá yín. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá rí 10.7, 10.6, 10.9, ẹ mú ti àárín, 10.7. Ẹ tún máa wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe é. Ẹni tó bá ń lo nọ́ńbà ara rẹ̀ ti oṣù tó kọjá, ara tirẹ̀ ló ń gbé lé ajá lórí.

Nígbà tó bá kọjá kílò ogún, ẹ̀yìn yín ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ máa mú un lọ sórí òṣùwọ̀n pẹrẹsẹ ní ilé ìwòsàn ẹranko. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í gba owó fún wíwọ̀n nìkan bí ẹ bá bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àǹfààní rẹ̀ sì tún ni pé ajá á mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tóun bá dé ibẹ̀ ni wọ́n ń gún òun lábẹ́rẹ́. Kí ẹ tó kúrò lórí òṣùwọ̀n yín nílé, ẹ wọ̀n ọ́n níbi méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ lè mọ iye tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ.

Títí di oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Láti oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣooṣù ti tó. Ẹ má wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́; ohun tí ẹ máa rí kò ju ìgbẹ́ àti omi lọ. Àwọn tí ajá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nìkan ni èyí kò kàn. Ọmọ tuntun Labrador máa ń jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 300 sí 500, ó yẹ kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ wọn lọ́rùn kí wọ́n má baà ṣi wọ́n mú, kí ìwúwo rẹ̀ sì ti di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá tàbí kó lé díẹ̀. Ọmọ tuntun tí kò fi nǹkan kan kún ara láàárín ọjọ́ kan, ẹ tètè wá dókítà.

Wíwọn gíga

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. A kì í wọn ajá dé orí. Òkè èjìká ni, níbi tí ọrùn parí sí tí ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka tọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wá sísàlẹ̀, ẹ ó kan orí egungun pátákó èjìká méjèèjì tó yọ díẹ̀, àlàfo kékeré sì wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni.

Ẹ lẹ páálí mọ́ ògiri lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹnì kan á dúró níwájú ajá pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀ lọ́wọ́, ní déédéé imú rẹ̀; bí ọwọ́ bá lọ sókè, ajá á na ara, bó bá wá sísàlẹ̀, á tẹrí ba. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gbọ́dọ̀ dúró gbọnrangandan lábẹ́ èjìká, ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kó sún mọ́ ògiri. Ẹnì kejì á fi rúlà lé òkè èjìká, á tẹ irun mọ́lẹ̀ díẹ̀ (irun Labrador nípọn ju bó ṣe rí lójú lọ), á mú un tẹ́jú, á sì fi pẹ́ńsù sàmì sára páálí. Ajá lè máa lọ ṣeré. Ẹ wá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ibi àmì náà. Ẹ sàmì lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ mú ti àárín, kí ẹ sì kọ déètì sára páálí náà gan-an. Lẹ́yìn ọdún kan, òun fúnra rẹ̀ ti di ìwé ìtàn.

Gíga kò nílò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì títí di oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà oṣooṣù. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹjọ, ìdí ajá náà lè ga ju èjìká rẹ̀ lọ, á wá dà bí ẹni tó wọ bàtà onígìgísẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan. Kò sí ohun tó ṣe é. Apá ẹ̀yìn kàn kọ́kọ́ sáré ni, iwájú á bá a. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín láti lọ máa wọn ìdí.

Bí àkọsílẹ̀ ṣe yẹ kó rí

Déètì, ọjọ́ orí ní ọ̀sẹ̀, ìwúwo, gíga, iye oúnjẹ tó ń jẹ lóòjọ́ ní gíráàmù, àti àyè fún ọ̀rọ̀. Àyè ọ̀rọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ wo àpẹẹrẹ abo kan:

Ọ̀sẹ̀ 8: kílò 5.6
Ọ̀sẹ̀ 9: kílò 6.4
Ọ̀sẹ̀ 10: kílò 7.3
Ọ̀sẹ̀ 11: kílò 7.4. Ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ méjì, a fún un ní oògùn aràn.
Ọ̀sẹ̀ 12: kílò 8.5
Ọ̀sẹ̀ 13: kílò 9.4

Ẹni tó bá wo nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ kọkànlá lásán á ta gìrì. Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á mọ ohun tó fà á, ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé ajá náà ti padà sójú ọ̀nà rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ yẹn níbẹ̀, tí dókítà bá bi yín léèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ni ẹ máa sọ? Ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ oògùn aràn, ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ oúnjẹ, ọjọ́ tó tiro. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́ lóṣooṣù, níbi kan náà.

Bí ẹ bá ń bá ìbátan tó wà ní Houston tàbí Chicago sọ̀rọ̀ ajá, pọ́ọ̀nù àti íǹṣì ni wọ́n máa lò. Kílò kan jẹ́ pọ́ọ̀nù 2.2, íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Ẹ yan ọ̀kan nínú ìwé yín, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Kí ni nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ?

Fún Labrador, akọ àti abo pọ̀, ìwọ̀n tó máa ń wọ́pọ̀ ni èyí: ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kílò 4.5 sí 7. Ní oṣù mẹ́ta, 9 sí 12. Ní oṣù mẹ́rin, 12 sí 16. Ní oṣù mẹ́fà, 18 sí 25. Ní ọdún kan, 25 sí 34. Abo máa ń wà nísàlẹ̀, akọ lókè. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́fà ni eré rẹ̀ yá jù, ó lè fi nǹkan bíi gíráàmù 600 sí kílò kan kún ara lọ́sẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, púpọ̀ nínú wọn ti dé ìlàjì ìwúwo tí wọ́n máa ní bí wọ́n bá dàgbà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, eré á rọlẹ̀, kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn. Gíga á fẹ́rẹ̀ẹ́ parí láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, àmọ́ àyà á ṣì máa fẹ̀, iṣan á ṣì máa kún títí di ọdún kan àbọ̀ sí méjì.

Bí ó ti wù kó rí, àlàfo tó wà láàárín 18 àti 25 fẹ̀ púpọ̀. Ọmọ ajá kílò 19 àti èyí tó jẹ́ 24 lè wà ní àlàáfíà bákan náà. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bóyá tiyín ń tẹ̀ lé ọ̀nà ara rẹ̀. Àwọn àtẹ ìdàgbàsókè tí ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí WALTHAM gbé jáde wúlò fún èyí, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejìlá dé ọdún méjì, akọ ní tirẹ̀, abo ní tirẹ̀, wọ́n sì pín wọn gẹ́gẹ́ bí ìwúwo tí ajá á ní bó bá dàgbà. Abo tí ẹ ń retí pé kó tó kílò 28, àtẹ kílò 15 sí 30 ni tirẹ̀. Akọ tí ẹ ń retí pé kó tó 33, àtẹ 30 sí 40 ni. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ bèèrè ìwúwo àwọn òbí rẹ̀.

Ìlà mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé ara wọn ló wà lórí àtẹ náà. Ẹ sàmì nọ́ńbà yín sí i, ẹ so wọ́n pọ̀. Bí ajá yín bá bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ìlà kẹta láti ìsàlẹ̀, tó sì ń rìn bá a lọ, ẹ fi í sílẹ̀, kò sí ẹni tó ní kó wà láàárín. Bó bá gé ìlà méjì kọjá, lọ sókè tàbí wá sísàlẹ̀, ẹ gbé ìwé yín lọ bá dókítà. Àwọn tó ń jà láti gbé ọmọ wọn gun ìlà òkè kò mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Ẹ fọwọ́ kan ìhà rẹ̀

Nọ́ńbà kò mọ̀ bóyá ọ̀rá ni tàbí iṣan. Lẹ́yìn tí ẹ bá wọ̀n ọ́n tán, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ na ọwọ́ òsì yín pẹrẹsẹ, ẹ fi ìka ọwọ́ ọ̀tún fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀: bí ẹ ṣe ń kan egungun lábẹ́ awọ díẹ̀ yẹn ni ó ṣe yẹ kí ẹ máa kan egungun ìhà ajá. Bó bá jẹ́ bí oríkèé ìka tí ẹ bá di ẹ̀ṣẹ́ ni ó rí, ó ti gbẹ jù. Bó bá sì jẹ́ bíi ti àtẹ́lẹwọ́ níbi tó ki lẹ́bàá àtàǹpàkò, ọ̀rá ti bò ó. Ẹ wá dúró lókè rẹ̀: ìbàdí gbọ́dọ̀ ṣí wọlé díẹ̀ lẹ́yìn ìhà. Láti ẹ̀gbẹ́, ikùn gbọ́dọ̀ ká sókè lọ sí itan. Àwọn dókítà ń fún èyí ní máàkì láti 1 (tó gbẹ jù) dé 9 (tó sanra jù), ìkẹrin àti ìkarùn-ún ni wọ́n fẹ́. Fún ọmọ Labrador, èmi fẹ́ràn ìkẹrin.

Ikùn tó wú pẹ̀lú ìhà tó ta jáde kì í ṣe sísanra. Aràn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Oúnjẹ, níbi tí àkọsílẹ̀ ti ń di iṣẹ́

Ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré yẹn wọn oúnjẹ oníhóró náà ní gíráàmù. Agolo mílíìkì àti kọ́ọ̀bù kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹni tó bá fi ìkánjú bu ú àti ẹni tó bá bu ú kún ṣókí, oúnjẹ wọn kò dọ́gba. Bí ìhà rẹ̀ bá ti ń ṣòro kàn, ẹ dín ìdá 5 sí 10 nínú 100 kúrò, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ọmọ tó ń dàgbà, a kì í fẹ́ kó dín kílò. Ìfikún rẹ̀ ló yẹ kó rọlẹ̀ kí gíga lè bá ìwúwo. Bí ó bá ti gbẹ jù, ìdá kan náà ni kí ẹ fi kún un, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé kò sí aràn. Gbogbo ìpanu, títí kan búrẹ́dì tí àwọn ọmọ ń jù sí i lábẹ́ tábìlì, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ lọ.

Ojú àánú tó ń wò yín kì í ṣe ẹ̀rí pé ebi ń pa á. Ní 2016, àwọn olùwádìí Yunifásítì Cambridge fi hàn pé nǹkan bí ọ̀kan nínú Labrador mẹ́rin ní àbùkù kan nínú jíìnì POMC, èyí tó ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé òun ti yó. Irú wọn á jẹun tán, wọ́n á tún jókòó ti ìyàwó ilé nídìí ìkòkò bíi pé wọn kò rí oúnjẹ láti àná.

Ọ̀rọ̀ kálísíọ̀mù ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí. Àwọn kan á ní kí ẹ máa fún un ní oògùn kálísíọ̀mù kí egungun rẹ̀ lè le. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè dènà kálísíọ̀mù tó bá pọ̀ jù. Ohun tó bá dé inú ìfun rẹ̀, ara ń gbà á, ìyẹn sì lè ba egungun àti oríkèé jẹ́. Bó bá jẹ́ oúnjẹ inú àpò tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá ẹ̀yà ńlá ló ń jẹ, ẹ má fi kún un rárá. Lára àpò tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ wá gbólóhùn tó sọ pé ó bá ìdàgbàsókè ajá ńlá mu, àwọn tí yóò tó pọ́ọ̀nù 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá sì jẹ́ ìrẹsì, ẹ̀kọ àti ẹran inú ilé nìkan ló ń jẹ, ìṣòro ibẹ̀ yàtọ̀: kálísíọ̀mù rẹ̀ lè kéré jù, ẹsẹ̀ á wá máa wọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ má ra oògùn fúnra yín.

Ìgbà tí ìwé yín bá ní kí ẹ lọ rí dókítà

Bí ìwúwo rẹ̀ bá dínkù nígbà tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ lọ. Bó bá dúró lójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ. Bó bá ń bì, tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú, tí kò jẹun, ẹ má dúró de ọjọ́ òṣùwọ̀n. Ọjọ́ náà gan-an ni, torí pé parvo, àrùn ìfun kan, kì í fi ọmọ ajá ṣeré. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń tẹ̀ síta, tàbí tó ń tiro ju ọjọ́ kan sí méjì lọ, ẹ mú ìwé dání. Ọmọ tó yára wúwo nígbà tí oríkèé ìbàdí tàbí ìgúnpá rẹ̀ kò tíì le, òun ni àwọn dókítà máa ń yẹ̀ wò dáadáa. Bí àárẹ̀ bá mú un, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí eégbọn sì wà lára rẹ̀, ẹ sọ ọ̀rọ̀ eégbọn yẹn kí wọ́n tó bi yín.

Nọ́ńbà náà tún ní iṣẹ́ mìíràn. Oògùn aràn, tí a ń fún ọmọ ajá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí di oṣù mẹ́fà, kílò ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn eégbọn: ìwọ̀n kílò tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ọmọ Labrador lè kọjá rẹ̀ láàárín oṣù kan. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa fún un, ẹ má lo ti oṣù tó kọjá.

Lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀ sí méjì, nígbà tí gíga ti dúró láti oṣù mélòó kan, tí ìhà rẹ̀ sì wà bí mo ṣe sọ ọ́, ẹ fa ìlà sí abẹ́ nọ́ńbà ọjọ́ yẹn nínú ìwé. Ìyẹn ni ìwúwo rẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tó wà nínú àtẹ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà lọ, ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, pàápàá bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, torí oúnjẹ tó ń tó o tẹ́lẹ̀ lè wá pọ̀ jù fún un. Bó bá fi ìdá 5 nínú 100 kúrò lórí nọ́ńbà tí ẹ fa ìlà sí lábẹ́ yẹn, lókè tàbí nísàlẹ̀, abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.